Ààrò igi tí mo tún kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ìró páànù tó dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, mo san ₦48,000 fún igi ìdáná ẹ̀kún píkọ̀ọ̀pù kan. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń tó mi lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ méjìlá péré ni mo fi lo èyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá yẹn, mo dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, igi mẹ́rin ló kù nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìkòkò ọkà méjì gbọ́dọ̀ ti wà lórí iná kí àwọn ọmọ iléèwé tó máa jáde ní kíláàsì. Mo jókòó sórí àpótí, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi.

Ọkà ni mò ń tà, ní àdúgbò Under G, ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá. Ìlú tí wọ́n ń kì ní Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan, ẹni tó bá mọ ọkà rò níbẹ̀ kì í wá oníbàárà tì. Èmi náà ò wá oníbàárà tì. Owó tí mo bá pa ni mi ò rí kó délé mọ́, igi ló ń gbé e jẹ.

Igi tútù ni wọ́n tà fún mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, ó ti ṣí èèpo bí igi tó pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n omi ló kún inú rẹ̀. Bí mo bá ti ọ̀kan sábẹ́ ìkòkò, ìdí tó kù síta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfòfó funfun, á máa dún ṣìì-ṣìì, omi á máa kán sílẹ̀ tó, tó, tó, títí ilẹ̀ iwájú ààrò á fi rin. Èéfín á bo gbogbo abẹ́ páànù. Mo fẹ́ iná títí ojú mi fi pọ́n, mo da kẹrosíìnì sí i, owó lórí owó. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́ sọ pé ọkà mi ń rùn èéfín. Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí wọra.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ ra gáàsì. Kílò kan gáàsì ti kọjá ₦1,000, ìkòkò tó ń gba ẹ̀lùbọ́ kóńgò mẹ́fà kì í sì í ṣe ohun tí à ń gbé ka orí sílíńdà kékeré kí a wá máa fi ọmọrogùn tì í síwá tì í sẹ́yìn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi wá ọ̀nà àbáyọ. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní LAUTECH níbí, ó sì wá jẹun ọ̀sán. Ó dúró wo ààrò mi fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wo èéfín tó ń lọ yìí. Igi tí ẹ fowó rà ni o. Kò rí ààyè jó ni." Mo ní kó sọ ọ́ kó yé mi. Ó ní bí igi bá gbóná, afẹ́fẹ́ kan máa ń jáde lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ló ń di ahọ́n iná. Tí ibi tí iná wà ò bá gbóná tó, tàbí tí atẹ́gùn tútù bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ yẹn á kọjá lọ láìjó. Òun ni èéfín. Òun náà ló ń di èédú dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò.

Ó ní orí ààrò olókùúta mẹ́ta, tí a bá pín ooru igi sí ọ̀nà mẹ́wàá, ọ̀kan tàbí ọ̀kan àbọ̀ ló ń wọ inú ìkòkò. Ìyókù, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, kì í da ọbẹ̀ nù. Iná ló ń dà nù, ó sì ti ń da tèmi nù fún ọdún mọ́kànlá láìjẹ́ pé mo mọ̀.

Ó wá ya irú ààrò mìíràn sínú ìwé fún mi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Larry Winiarski ló gbé e kalẹ̀ ní 1982, ní ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní Aprovecho, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń pè é ní rocket stove. Inú rẹ̀ dà bí apá tí èèyàn ká ní ìgúnpá: igi á gba ẹnu ìsàlẹ̀ wọlé, iná á yí orí sókè gba ihò tóóró lọ bá ìkòkò. Orí igi nìkan ló ń jó, wàá sì máa tì í síwájú díẹ̀díẹ̀. Ara ihò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kì í fa ooru mu, kí inú rẹ̀ lè gbóná débi tí èéfín fúnra rẹ̀ á gbiná kó tó dé ìdí ìkòkò.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó ní ká kọ́kọ́ wọn èyí tí mò ń lò. Inú mi dùn gan-an pé a ṣe èyí, nítorí tí kì í bá ṣe òṣùwọ̀n, ẹnikẹ́ni ì bá lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí lẹ́yìn náà. Mo yá igi kajú tó gbẹ dáadáa lọ́wọ́ ìyá alágàárì tó wà lẹ́yìn wa, mo sì fi òṣùwọ̀n ẹni tó ń ta gáàsì wọ̀n ọ́n. Omi kẹ́ẹ̀gì kan, lítà 25, la gbé ka orí ààrò olókùúta mẹ́ta. Kó tó hó, ó jẹ igi kílò 4.6. Mo kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú èédú. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Èyí tí mo kọ́kọ́ mọ, ọgbọ́n orí ara mi ni mo fi mọ ọ́n, ó sì kùnà. Ọmọ yẹn ti sọ pé kí ara ààrò má fa ooru mu, èmi ní ògiri tó bá nípọn ni ooru ò ní lè gbà jáde. Mo po amọ̀ àti ìyanrìn àti koríko gígé, mo mọ ògiri tó nípọn tó gígùn ẹsẹ̀ mi. Ó rẹwà. Àwọn aládùúgbò wá wò ó. Nígbà tí a gbé omi kà á, igi kílò 4.1 ló jẹ, iná náà sì pẹ́ kó tó mú. Amọ̀ wíwúwo ló ń jẹ ooru: kó tó gbóná tán fúnra rẹ̀, ó ti mu ìpín tirẹ̀ nínú gbogbo igi tí mo tì sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó là láti òkè délẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Mo wó o pẹ̀lú ìbínú, mi ò tilẹ̀ dúró kó tutù tán.

Ohun tí kì í jẹ́ kí ooru jáde kì í ṣe ohun tó wúwo. Ohun tó fúyẹ́ ni, tó ní ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ dúró sí nínú. Ẹ wo eérú, ẹ bo ẹ̀yin iná mọ́ inú rẹ̀ lálẹ́, ẹ ó bá a ní pípọ́n láàárọ̀. Ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré ni, mi ò sì fi ṣe ọgbọ́n.

Bíríkì tí a lò lẹ́yìn náà, amọ̀ ni, ṣùgbọ́n a po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ ọn. Wọ́n ń kó lẹ́búlẹ́bú yìí dànù ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó, àpò mẹ́ta ni wọ́n fún mi láìgba kọ́bọ̀. Mo jọ̀ ọ́ kó kúnná, mo sì lọ bá ìyá àgbà kan tó ń mọ ìkòkò kó bá mi sun ún. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, igi lo pò mọ́ amọ̀ yìí, yóò jó o." Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀n, Ìyá, ohun tí a fẹ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ ó jó." Nígbà tí ó bá jóná nínú bíríkì, àyè rẹ̀ á di ihò wẹ́wẹ́. Mẹ́ta fọ́ nínú méjìlélógún, ìyókù yè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti sọ pé èyí tó dára á léfòó lórí omi, mo sì ju ọ̀kan sínú bàsíà lójú ìyá náà. Ó léfòó bí igbá. Ìyá náà gbé e, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó tún dá a padà sínú omi fúnra rẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń sun amọ̀, òun ò rí irú rẹ̀ rí. ₦22,000 ni gbogbo rẹ̀ ná mi, mi ò sì ní ẹ̀dùn ọkàn kankan lórí owó yẹn.

Títo bíríkì náà kò gba ìdajì ọjọ́. Ihò rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16 ní ìbú àti 16 ní òòró, gíga rẹ̀ sì jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Mo mọ ògiri amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká lóde, mo sì da eérú kún àárín méjèèjì. Eérú ọdún mọ́kànlá, kò wọ́n mi.

Ohun tó kù kò ju méjì lọ: ẹsẹ̀ irin mẹ́ta tí ìkòkò máa jókòó lé, àti páànù tí a máa fi yí ìkòkò ká. Ìró ni mo sọ páànù yìí. Ìdí tí ìkòkò fi gbọ́dọ̀ ró ìró ni pé tí iná bá ti kan ìdí rẹ̀ tán, ó máa ń ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ ni. Tí páànù bá yí i ká, ooru náà á ní láti gba àárín wọn gòkè, á máa ra ẹ̀gbẹ́ ìkòkò títí dé ọrùn. Ààyè tó wà láàárín ìkòkò àti ìró ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Tó bá há jù, iná ò ní rí ibi mí, èéfín á padà gba ẹnu ìsàlẹ̀ jáde sí ọ lójú. Tó bá fẹ̀ jù, ooru á kọjá láìfi ara kan ìkòkò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣírò rẹ̀ kí ààyè tó yí ìkòkò ká lè dọ́gba pẹ̀lú ihò iná: ihò náà, 16 lọ́nà 16, jẹ́ 256. Àyíká ìkòkò mi, èyí tí mo fi okùn wọ̀n, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 188. Tí a bá fi 188 pín 256, ó fún wa ní sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ síi, kò pé kan àbọ̀. Ìbú ìka mi tó kéré jù nìyẹn. Páànù náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó 197 tí a bá ká a.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo sì mú un lọ bá wẹ́dà kan.

Ọ̀gá wẹ́dà ò wo ìwé náà. Ó ká a, ó tì í bọ àpò, ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta." Ó ní kí n má ra páànù tuntun, pé dúrọ́ọ̀mù epo àtijọ́ ló dáa jù nítorí ó ti ká tẹ́lẹ̀, òun á kàn gé orí àti ìdí rẹ̀ ni. Mo ra dúrọ́ọ̀mù ní ₦15,000. Mo san ìdajì owó iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, kò sí iná. Ọjọ́ karùn-ún, kò sí iná. Jẹnẹrétọ̀ wà, kí n bá òun fi owó epo kún un. Mo fi kún un. Ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, orin ń dún. Ọjọ́ kọkànlá, wọ́n gé dúrọ́ọ̀mù náà tán, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ìkòkò ò wọ inú rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe wọ̀ ọ́? Àyíká dúrọ́ọ̀mù ò ju bí 180 lọ, ìkòkò nìkan ti jẹ́ 188. Ó wà nínú ìwé tó wà lápò rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Màmá, ìkòkò yín ló tóbi jù."

Mo gbé e mì. Mo ti san owó, dúrọ́ọ̀mù ti di gígé, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Mo ra páànù irin pẹrẹsẹ ní ₦18,000. Mo fi okùn tí mo fi wọn ìkòkò lé e lọ́wọ́, mo so kókó sí ibi tí 197 parí sí, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má lo téèpù, okùn yìí ni kí ẹ lò." Ó ní ó ti yé òun. Ọjọ́ kejìdínlógún, ó lọ síbi òkú. Ọjọ́ ogún, ó ti dé, ó ń sinmi. Ní gbogbo àsìkò yìí, orí ààrò olókùúta mẹ́ta ni mo padà sí. Ààrò tuntun wà nílẹ̀ lójú mi, mo fi páànù àlòkù bò ó nítorí òjò, mi ò lè lò ó, nítorí ẹsẹ̀ irin àti ìró kò tíì dé. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn ju gbogbo àwíjàre rẹ̀ lọ. Lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́, mo mọ iye owó tó ń bá èéfín lọ, mo sì mọ ẹni tó ń fà á.

Ọjọ́ kejìlélógún, ó gbé ìró dé. Ó dán, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó ṣe ọwọ́ méjì sí i. Mo gbé ìkòkò sínú rẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ àárín wọn: odindi ìka mẹ́ta mi wọlé láìfi ara kan ibì kankan. Mo bi í pé okùn mi dà. Ó ní òun fi ààyè kún un díẹ̀ kí ìkòkò lè máa wọlé wọ̀rọ̀wọ̀. Ó fọkàn ire ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n ààyè yẹn gan-an ni mo wá ra lọ́dọ̀ rẹ̀! Kì í ṣe páànù ni mo wá rà, ààyè ìka kan ni.

A fi òkúta mẹ́ta dípò ẹsẹ̀ irin fún ìdánwò nìkan, a gbé omi kà á lọ́jọ́ náà, kí n lè ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Kílò 3.3. Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹlòmíì á sì ní kí n ṣọpẹ́. Mi ò ṣọpẹ́. Mo gbé ìró náà sórí ọ̀kadà, mo dá a padà. Ọ̀gá ní àtúnṣe lówó tirẹ̀. Ohùn wa ròkè débi tí àwọn ará ọ̀nà fi ń dúró. Mo ní owó tó kù lọ́wọ́ mi nìyí, mi ò ní san kọ́bọ̀ títí ìka mi á fi há sí àárín wọn. Ọjọ́ mẹ́ta tún lọ lórí ìyẹn.

Ẹni tó wá yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọṣẹ́ kan, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni, ọ̀gá ò sí nílé. Ọmọ náà gba okùn lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ yí páànù ká, ó fi ẹfun sàmì sí ibi tí kókó wà, ó la ojú ìjó rẹ̀, ó fa páànù náà wọ ara rẹ̀ títí dé àmì, ó jó o padà. Lẹ́yìn náà ló jó ẹsẹ̀ mẹ́ta mọ́ òrùka irin, ó wọ̀n ọ́n kí ìdí ìkòkò fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ga ju ẹnu ihò lọ. Kò tó wákàtí kan. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan! Mo fún ọmọ náà ní ₦1,000 lọ́tọ̀, mo sì san ìyókù owó ọ̀gá rẹ̀, ₦12,000 ni gbogbo rẹ̀. Mo ta àjákù dúrọ́ọ̀mù náà ní ₦9,000.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì la wọ̀n ọ́n. Igi kajú tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ ìyá alágàárì, omi kẹ́ẹ̀gì kan, ìkòkò kan náà. Iná náà kọ́kọ́ ṣe èéfín díẹ̀ bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn kan nínú ihò náà, hùùù, bí ẹni ń fẹ́nu sí ìgò, èéfín sì dáwọ́ dúró. Mo rò pé iná ti kú ni, mo tẹ̀ ba láti wò ó. Ó ń jó ní pípọ́n fòò, ó mọ́ gaara. Mi ò fẹ́nu fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí omi hó, a kó igi tó kù jáde, a pa á, a wọ̀n ọ́n: kílò 2.1 ló jẹ. Mo kọ ọ́ sábẹ́ 4.6 lára ògiri. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èédú. Omi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ti èéfín lọ́jọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, igi ẹ̀kún píkọ̀ọ̀pù kan ń lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Nǹkan bí ₦1,200 ni mò ń rí fi pamọ́ lójúmọ́, gbogbo ohun tí mo ná sì ti padà sọ́wọ́ mi kó tó pé oṣù méjì. Tí ẹ bá wá fi ₦1,200 yẹn sọ ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n di púpọ̀, ẹ ó rí ohun tí wẹ́dà jẹ mí. Ó lé ní ₦31,000.

Ikọ́ tí mo máa ń wú lálẹ́ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020 nìkan, èéfín ìdáná inú ilé lọ́wọ́ nínú ikú èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Ìyá tó bí mi fi ojú rẹ̀ méjèèjì sidìí irú iná yìí fún ọdún gbọọrọ, mi ò sì lè gbàgbé bí ojú náà ṣe máa ń rí ní ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀, abẹ́ páànù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni mo ṣì ń dáná. Mi ò jẹ́ gbé e wọ inú yàrá, bó ti wù kí iná náà mọ́ tó.

Tí mo bá tún máa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, igi ni mo máa kọ́kọ́ mójú tó kí n tó po amọ̀ kankan. Mo mú igi kan nínú àwọn tútù tí wọ́n tà fún mi, mo là á sí wẹ́wẹ́ tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, mo dì í jọ, mo wọ̀n ọ́n: kílò 3.1. Mo tò ó sórí búlọ́ọ̀kù kí ìdí rẹ̀ má kan ilẹ̀, mo fi páànù bo orí rẹ̀, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kílò 2.0 ni. Kílò kan àti díẹ̀ tó lọ yẹn, omi ni, mo sì ti san owó igi lórí rẹ̀. Tí ẹ bá jó o ní tútù, iná yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa gbogbo omi yẹn gbẹ kó tó ráyè ti ọkà. Ní báyìí, àsìkò ọyẹ́ ni mò ń ra igi tí mo máa fi la òjò já. Kí n tó san owó, mo máa ń gbá méjì lu ara wọn. Èyí tó gbẹ máa ń dún kán-án. Èyí tó tutù á dún bò.

Ẹ má fi irin sínú ihò iná. Ọ̀pá irin ni mo kọ́kọ́ tẹ́ sí ẹnu ìsàlẹ̀ kí igi lè máa sùn lé e lórí, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, iná ti jẹ ẹ́, mo fọwọ́ kàn án ó rún. Bíríkì pẹrẹsẹ kan ló wà níbẹ̀ báyìí, kò sì ṣe nǹkan kan. Ẹ má sì kún ẹnu ìsàlẹ̀ yẹn fọ́fọ́. Igi mẹ́ta tó. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fẹ́ kí omi tètè hó, ó ti igi méje bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín sì bò wá bí ti àtijọ́.

Ohun kan tí ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò sọ ni ọ̀rọ̀ ọmọrogùn. Wọn kì í ro ọkà ní Oregon. Ààrò náà ga, èèyàn ò lè jókòó sórí àpótí rò ó mọ́, bẹ́ẹ̀ ọkà tó ti ń ki nínú ìkòkò ńlá máa ń fa ìkòkò lọ fa ìkòkò bọ̀. Ọjọ́ kìíní tí mo rò ó, ìkòkò fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àyà mi já. Mo ní kí ọmọṣẹ́ wẹ́dà yẹn wá jó etí kékeré mẹ́ta mọ́ òrùka irin kó di ìdí ìkòkò mú, mo sì to búlọ́ọ̀kù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí mo ń gùn. Ní báyìí mo ń dúró rò ó, ẹ̀yìn mi sì dúpẹ́.

Ìyá alágàárì tó yá mi ní igi ti wá wo ààrò náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Agbada gàrí tirẹ̀ tẹ́, ó sì fẹ̀, kò lè wọ ìró bí ìkòkò, nítorí náà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ṣírò bí iná á ṣe máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kó tó jáde. Ní tèmi, ààrò ọbẹ̀ ló kàn. Bíríkì mẹ́wàá ti wà ní sísun lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìró rẹ̀ sì ti wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ọmọṣẹ́ yẹn ló ṣe é, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù wọn, mo ti ìka mi tó kéré jù bọ àárín wọn yí po, ó há, kí n tó ka owó sílẹ̀.